Èédú Kì í Rú Èéfín

Ní oṣù kìíní ọdún tó kọjá, àwa ọ̀rẹ́ mẹ́fà gbéra láti Abidjan, a forí lé ìlú Man ní ìwọ̀ oòrùn Côte d'Ivoire. Ìrìn náà lé ní 500 kìlómítà. Ará Abidjan kò mọ òtútù. Inú ooru òkun àti ọ̀sà ni wọ́n bí wa sí. Ṣùgbọ́n àárín òkè ni Man wà, bí ọyẹ́ bá sì ti wọlé, alẹ́ ibẹ̀ a máa mú ènìyàn wá ẹ̀wù kejì. Ohun tí a ń wá lọ gan-an nìyẹn. Ọ̀kan nínú wa ní ẹ̀gbọ́n kan ní Québec tó máa ń fi fídíò ránṣẹ́: òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú àgọ́ aláṣọ, yìnyín yí wọn ká níta, igi ń jó nínú ààrò onírin láàárín wọn, wọ́n ń mu kọfí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àwa náà ní a ó ṣe tiwa.

A pàgọ́ méjì sí ẹ̀bá òkè Tonkpi. A kò ní ààrò onírin. Ohun tí a ní ni fourneau tí gbogbo ilé ní Abidjan ní, èyí tí a fi èédú sí láti sun ẹja. Nígbà tí a jẹun tán, èédú náà ti pọ́n dáadáa, kò sì rú èéfín kankan. Ọ̀kan nínú wa ní, "Ó ti mọ́ báyìí, ẹ jẹ́ ká gbé e wọlé." Àwọn mẹ́ta gbé e wọ àgọ́ tiwọn, wọ́n sì fa síìpù rẹ̀ pa nítorí afẹ́fẹ́.

Ní nǹkan bí aago méjì òru, mo jáde lọ tọ̀. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń bì nínú àgọ́ kejì. Nígbà tí mo ṣí i, ẹni tó ń bì ní orí ń fọ́ òun. Ẹnì kejì fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà á. Ẹnì kẹta kò tètè jí. A wọ́ wọn jáde sí afẹ́fẹ́. Ilẹ̀ mọ́ bá àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà níta, a di bùláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ra, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni kò kú. Ìdí nìyẹn tí mo fi lè kọ ìwé yìí.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, ìbéèrè kan kò kúrò lọ́kàn mi. Ọmọ Èjìgbò ni bàbá bàbá mi, ọ̀kan nínú àwọn Yorùbá tí ará ibí ń pè ní Anango, tí wọ́n tẹ̀lé ọ̀nà rélùwéè tó bẹ̀rẹ̀ láti Abidjan ní 1904, tó sì dé Bouaké ní 1912. Ìyá bàbá mi máa ń sọ fún wa pé ní oko, nígbà ọyẹ́, iná kì í kú nínú abà. Ẹ̀gbẹ́ iná ni àwọn ọmọdé ń sùn. Bí wọ́n bá sùn ti iná láti ìran dé ìran, kí ló dé tí tiwa fẹ́ pa wá lóru ọjọ́ kan ṣoṣo?

Ẹ jẹ́ ká wo abà yẹn dáadáa. Inú àgọ́ ni apá kan ìtàn Yorùbá ti ṣẹlẹ̀. Orúkọ Àgọ́-Ìwòyè ń jẹ́rìí sí i. Ọ̀yọ́ tí a ń rí lónìí, orí Àgọ́ Ọjà ni Aláàfin Àtìbà tẹ̀ ẹ́ dó sí ní àwọn ọdún 1830. Nígbà ogun Kírìjì, láti 1877 títí di 1893, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn àti ti Èkìtì Parapọ̀ dojú kọ ara wọn láàárín Igbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, ní ilẹ̀ olókè. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àgọ́ ogun fi di ìlú, tí ìyàwó àti ọmọ fi ń gbé inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọyẹ́ ni wọ́n lò níbẹ̀, igi sì ni wọ́n ń dá yá.

Ilé irú àkókò yẹn kò dí. Koríko tàbí ewé ni òrùlé rẹ̀, èéfín sì ń yọ́ gba inú rẹ̀ jáde. Láàárín ògiri àti òrùlé, àyè wà. Lókè ààrò ni àjà wà, níbi tí wọ́n ń kó àgbàdo àti irúgbìn sí kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Èéfín náà níṣẹ́ tó ń ṣe, ó sì lọ́nà tó ń gbà jáde lẹ́yìn iṣẹ́. Àwọn Dan tó ni ilẹ̀ Man, tí a tún ń pè ní Yacouba, kọ́ ilé roboto tiwọn pẹ̀lú òrùlé koríko ṣóńṣó. Ilé tó ń mí ni. N kò sọ pé èéfín dára fún ojú tàbí fún ẹ̀dọ̀fóró o. Ó ba ti ọ̀pọ̀ ìyá wa jẹ́. Ṣùgbọ́n kì í sé mọ́ wọn nínú ilé títí wọn yóò fi kú.

Ibi gbogbo tí ènìyàn ti gbé iná wọ inú àgọ́ ni òfin yìí wà. Àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ń gbé pẹ̀tẹ́lẹ̀ Amẹ́ríkà fi awọ ẹfọ̀n ṣe àgọ́ ṣóńṣó, wọ́n sì dá ihò sí ṣóńṣó orí rẹ̀. Ọ̀gágun Henry Hopkins Sibley wo àgọ́ wọn yìí, ó ṣe irú rẹ̀ fún àwọn sójà, ó sì gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní 1856. Ààrò onírin tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní páìpù tó ń kó èéfín jáde. Àwọn Innu ní ilẹ̀ Québec náà ń fi ààrò onípáìpù sínú àgọ́ aláṣọ. Mo padà lọ wo fídíò ẹ̀gbọ́n yẹn. Páìpù náà wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ó gba òrùlé kọjá, ó ń tú èéfín sí ojú ọ̀run. Gbogbo wa ti wò ó nígbà mélòó kan. Iná nìkan ni a rí.

Ẹni tó bá sì rò pé àìmọ̀wé ló ń fa irú èyí, kó rántí Émile Zola, tí ọ̀pọ̀ wa ka ìwé rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́. Ní òru tó mọ́jú ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1902, ó sùn nínú yàrá rẹ̀ ní Paris pẹ̀lú iná èédú. Ọ̀nà èéfín ilé náà ti dí. Zola kú, ìyàwó rẹ̀ yè. Àwọn kan ṣì ń fura pé ọ̀tá ló dí i, nítorí ọ̀rọ̀ Dreyfus. Èyí ó wù kó jẹ́, ọ̀nà èéfín tó dí ló pa á.

Èédú wá ni kókó ọ̀rọ̀. Bí Abidjan ṣe di olú ìlú ní 1934, tó sì ń fẹ̀ sí i, èédú ni ó bá ìgbé ayé ìlú mu. Ó fúyẹ́ ju igi lọ láti kó wọ̀lú, kì í sì í fi èéfín da aládùúgbò láàmú ní àgbàlá tí ìdílé mẹ́wàá jọ ń lò. Síméǹtì rọ́pò amọ̀, páànù rọ́pò koríko, fèrèsé sì ń tì dáadáa. Ìtẹ̀síwájú ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àmọ́ nígbà tí wọ́n pàdé ní òru ọyẹ́ kan, wọ́n di pàkúté.

Yorùbá ní ìwà lèéfín, kò ṣéé bò mọ́lẹ̀. Àwọn tó pa òwe yẹn mọ iná igi. Iná igi náà ní olóró nínú, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ a ta ọ́ lójú, a mú ọ wúkọ́, a lé ọ síta. Èédú ti fi èéfín tirẹ̀ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti sun ún. Olóró nìkan ló kù, ìyẹn kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì: kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Láti àwọn ọdún 1850 ni Claude Bernard, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Faransé, ti fi hàn pé inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń gba ipò afẹ́fẹ́ tí a ń mí. Ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tó lé ní 200 ju bí ọ́síjìn ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ. Ẹni tó ń sùn yóò kàn túbọ̀ máa sùn ni.

A fẹ́ràn láti sọ pé àwọn baba wa mọ̀. Òótọ́ ni, wọ́n mọ̀, ṣùgbọ́n inú òrùlé ni wọ́n fi ìmọ̀ náà sí. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀, nítorí ilé ń ṣe iṣẹ́ náà fún wọn lójoojúmọ́. Nígbà tí a yí ilé padà, ìmọ̀ náà bá koríko lọ, kò sì dágbére fún wa. Nítorí náà, ẹnu la ó fi máa sọ ọ́ báyìí: fourneau kò gbọdọ̀ wọ àgọ́, kò gbọdọ̀ wọ yàrá tí a ti pa. Kí a ṣí fèrèsé díẹ̀ kò tó. Bí orí bá ń fọ́ ènìyàn méjì papọ̀ níbi tí iná wà, kí wọ́n jáde ná, kí wọ́n tó béèrè ohun tó fà á.

A ṣì fẹ́ padà sí Man. A ti rí àgọ́ aṣọ líle rà, nítorí náílọ́ọ̀nù kò bá iná ṣe ọ̀rẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lọ bá bàbá arúgbó kan tó ń jó irin pọ̀ ní Abobo, pé kó bá mi ṣe ààrò kékeré. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí mo ṣe fẹ́ kó ga tó àti iye igi tó gbọ́dọ̀ gbà. Bàbá náà dá mi dúró.

"Ọmọ mi," ó ní, "èéfín ńkọ́? Ibo ni yóò gbà?"