Ìwé Tó Bí Ìwé ní Òṣogbo àti Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Ìwé tó bí ìwé ni èyí tí òǹkọ̀wé kà, tó wọ̀ ọ́ lára, tó sì tún yọjú nínú iṣẹ́ ọwọ́ òun fúnra rẹ̀. Òǹkọ̀wé kan lè mú ìtàn inú rẹ̀. Òmíràn lè mú bí wọ́n ṣe to ìtàn náà. Ẹlòmíràn sì lè kọ tirẹ̀ nítorí pé ohun tó kà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nílẹ̀ Yorùbá, ìlú Òṣogbo àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tó bá a pààlà wà lára ibi tí ipa irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti hàn kedere. Láàárín ọdún 1962 sí 1965, ìwé ìtàn tí àlùfáà kan kọ ní Ọ̀yọ́ di eré tí ẹgbẹ́ òṣèré Òṣogbo gbé dé Berlin àti London, ìwé tí ìránṣẹ́ ọ́fíìsì kan kọ ní Èkó sì di eré tí òkìkí Kọ́lá Ògúnmọ́lá fi kàn.

Ìwé nìkan kọ́ ló ṣe é. Ọjà Ọba Òṣogbo wà níwájú ààfin Àtáọ́ja, ọba ìlú náà, láàárín ìlú gan-an. Ohun tí èèyàn bá kà nínú ilé, yóò tún bá a pàdé níta lẹ́nu onílù, lẹ́nu oníjàálá, lẹ́nu àwọn ìyá tó ń kì oníbàárà wọn. Àwọn tí iṣẹ́ wọn yọrí jù ní agbègbè yìí ni àwọn tó jẹ́ kí ẹnu ìlú tún ohun tí wọ́n kà ṣe kí wọ́n tó fi ṣe tiwọn.

Ìwé Johnson àti Dúró Ládiípọ̀

Bí a bá ń wá ìwé tó ṣe bẹbẹ jù fún eré orí ìtàgé Òṣogbo, The History of the Yorubas tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ ni. Hastings ní Sierra Leone ni wọ́n ti bí Johnson ní 1846, Ọ̀yọ́ ló sì ti ṣe àlùfáà títí ó fi kú ní 1901. Ó parí ìwé náà ní 1897, ó fi í ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba, ìwé sọnù síbẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló kó àwọn àkọsílẹ̀ tó kù jọ, tó tún un tò. Obadiah náà kò rí i kó tó kú. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde.

Ìwé kíkà ló bí ìwé yìí pẹ̀lú. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, Johnson ṣàlàyé ohun tó ń dùn ún: àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ wa mọ ìtàn àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ti Róòmù àti ti Gíríìkì, ti ilẹ̀ tiwọn gan-an ni wọn kò mọ̀. Ó wá lọ bá àwọn arọ́kin àti àwọn àgbà, ó sì kọ ohun tí wọ́n sọ.

Dúró Ládiípọ̀, ọmọ Òṣogbo tí wọ́n bí ní 1931, jẹ́ olùkọ́ àti olórin ìjọ. Ní 1961 ó fi ìlù dùndún sí orin Àjíǹde tó kọ fún ìjọ rẹ̀, àwọn kan nínú ìjọ sì bínú pé ìlù abọ̀rìṣà kò yẹ inú ilé Ọlọ́run. Ulli Beier, ará Jámánì tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, tó sì ń gbé Òṣogbo, gbà á níyànjú pé kó má fi ìlù náà sílẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1962, wọ́n sọ ilé ọtí Ládiípọ̀ di gbàgede eré àti ọnà tí wọ́n pè ní Mbari Mbayo. Eré tí wọ́n fi ṣí i ni Ọba Mórò.

Inú ìwé Johnson ni ìtàn Ọba Mórò ti wá. Aláàfin Abípa fẹ́ kó àwọn èèyàn rẹ̀ kúrò ní Ìgbòho padà sí Ọ̀yọ́ Ilé, àwọn ìjòyè kò sì fẹ́ lọ. Wọ́n rán àwọn àfín, abuké àti aràrá lọ sórí òkè tó wà níbẹ̀ láti máa ṣe bí iwin lóru, kí ẹ̀rù lè ba ọba. Ọba gbọ́n ju àwọn ìjòyè lọ: ó rán àwọn ọdẹ lọ, wọ́n mú àwọn òrò náà láàyè, orúkọ Ọba Mórò sì mọ́ ọn lára. Nínú ìwé, ìtàn yìí kò gùn. Ládiípọ̀ fún un ní orin, ìlù, ijó àti ìjiyàn láàárín ààfin, àwọn òǹwòran sì rí òṣèlú ọba àti ìjòyè tí wọ́n mọ̀ dáadáa.

Ọba Kò So, tí wọ́n ṣe ní 1963 nígbà tí Mbari Mbayo pé ọdún kan, ló tilẹ̀ fi bí Ládiípọ̀ ṣe ń lo ìwé hàn jù. Johnson kọ ìtàn Ṣàngó, ó kọ ti Tìmì Ẹdẹ náà, ṣùgbọ́n ìgbà Aláàfin Kòrí ló fi ti Tìmì sí. Ládiípọ̀ tẹ̀ lé ìtàn ẹnu: ó fi Tìmì ọlọ́fà-iná àti Gbọ́nkáà sábẹ́ Ṣàngó, ọba sì wá di ẹni tí àwọn akọni tirẹ̀ gan-an kó sí wàhálà. Ìtàn tó jẹ́ méjì nínú ìwé di ẹyọ kan lórí ìtàgé. Ọ̀rọ̀ tí àwọn òṣèré ń sọ kò sì jọ Gẹ̀ẹ́sì Johnson rárá. Oríkì, ìjálá, ọfọ̀ àti ìlù tó ń sọ̀rọ̀ ló kún inú rẹ̀, ohùn tí a kò lè rí kà nínú ìwé kankan bí kò ṣe kí èèyàn lọ jókòó ti àwọn tó ni ín.

Eré náà dé àjọ̀dún ọnà Berlin ní 1964 àti àjọ̀dún ọnà àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth ní London ní 1965. Ẹdẹ, ìlú Tìmì, kò jìnnà sí Òṣogbo rárá. Nítorí náà, ohun tí àwọn ará Berlin ń wò gẹ́gẹ́ bí ìtàn àtijọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ àárín aládùúgbò fún àwọn tó ń ṣe é.

Ìrìn àjò tó ń padà wálé

Ọ̀nà kejì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ John Bunyan, ará Ìlú Ọba tó tẹ The Pilgrim's Progress jáde ní 1678. David Hinderer, ajíhìnrere ìjọ C.M.S. ní Ìbàdàn, sọ ọ́ di Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún lórúkọ Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́. Ìwé yìí àti Bíbélì Mímọ́, tí odindi rẹ̀ jáde ní Yorùbá ní 1884, ló di oúnjẹ ojoojúmọ́ fún ẹni tó bá lọ sí ilé-ìwé ìjọ.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ni Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà, tí wọ́n bí ní Òkè-Igbó ní 1903, tó kàwé tó sì tún kọ́ni ní St. Andrew's, Ọ̀yọ́. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tó kọ jáde ní 1938. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé, nínú ìwé tó kọ lórí Fágúnwà ní 1974, tọpa ohun tí Fágúnwà kà: Bunyan, Bíbélì, àwọn àlọ́ Aesop, ìtàn àròsọ àwọn Lárúbáwá. Àmì Bunyan hàn lára orúkọ àwọn ọdẹ tó bá Àkàrà-Ògùn, akọni ìwé náà, lọ sí Òkè Láńgbòdó: Ìmọ̀dòye, Olóhùn-iyọ̀ àti àwọn yòókù, orúkọ tó ń sọ ìwà ẹni. Ṣùgbọ́n èrò mímọ́ Bunyan fi ilé sílẹ̀ kò padà mọ́. Ìlú ọ̀run ni òpin ìrìn rẹ̀. Àwọn ọdẹ Fágúnwà ní láti padà wálé, nítorí ọba ìlú ló rán wọn, ìlú ló sì ń dúró de ọgbọ́n tí wọ́n lọ wá. Àárín ìyàtọ̀ yìí ni Fágúnwà ti fi ohun tó kà ṣe tirẹ̀.

Amos Tutùọ́lá, ọmọ Abẹ́òkúta tó ń ṣe ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó, ka Fágúnwà, ó sì ka Bunyan. The Palm-Wine Drinkard tí ilé-iṣẹ́ Faber and Faber tẹ̀ ní London ní 1952 fara jọ ìrìn àwọn ọdẹ náà. Ẹlẹ́mu já látorí ọ̀pẹ, ó kú, ọ̀mùtí sì wá a lọ sí ìlú àwọn òkú. Ọjà sì ni ọ̀kan nínú àwọn ìtàn tó gbajúmọ̀ jù nínú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀: ọkùnrin arẹwà kan wá ná ọjà, ọmọbìnrin kan tẹ̀ lé e, ọkùnrin náà sì ń dá ẹ̀yà ara tó yá padà fún àwọn tó ni wọ́n lójú ọ̀nà, títí ó fi ku agbárí lásán. Àlọ́ àtijọ́ ni, gbogbo ìyá àgbà ló mọ̀ ọ́n. Ọ̀mùtí náà padà wálé pẹ̀lú ẹyin kan tó fi bọ́ àwọn èèyàn nígbà ìyàn.

Ìwé yìí ló dé ọwọ́ Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọ̀gá eré tó fi Òṣogbo ṣe ibùjókòó. Ní 1963 ó gbé e sórí ìtàgé ní Yunifásítì Ìbàdàn, Demas Nwoko ló ṣe ọnà ìtàgé náà. Gẹ̀ẹ́sì Tutùọ́lá padà di Yorùbá, ọ̀mùtí tí kò lórúkọ gidi di Lánké, Ògúnmọ́lá sì fi ohun ńlá kan kún un: ní ìparí, Lánké ta jí, àlá ni gbogbo rẹ̀. Ní 1969 eré náà dé àjọ̀dún ọnà Áfíríkà ní Algiers.

Ìwé tó ń dá ìwé lóhùn

Ìwé tún lè bí ìwé nípa àríyànjiyàn. Ní àwọn ọdún 1940, òyìnbó aṣojú ìjọba ní Ọ̀yọ́ dá Olókùn-ẹṣin dúró kó má bàa bá Aláàfin tó wàjà lọ gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ọmọ rẹ̀ kú dípò rẹ̀. Ládiípọ̀ fi ìṣẹ̀lẹ̀ náà ṣe Ọba Wàjà ní 1964. Wọlé Ṣóyínká dárúkọ eré náà nínú àlàyé tó fi ṣáájú Death and the King's Horseman, tó jáde ní 1975, ó sì yí ọ̀pọ̀ nǹkan padà. Nínú iṣẹ́ Ládiípọ̀, Gáná ni ọmọ náà wà. Ṣóyínká sọ ọ́ di akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Ìlú Ọba, kí ẹni tó mọ ayé òyìnbó jù lọ lè jẹ́ ẹni tó gba ikú náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá dá eré Ṣóyínká padà sí Yorùbá ní 1994, ó pè é ní Ikú Olókùn-Ẹṣin. Bíyí Bándélé sì fi í ṣe fíìmù Elesin Oba ní 2022, ọdún tí òun náà kú.

Ní Ilé-Ifẹ̀, ní 1968, Ọlá Rótìmí ti ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú Sophocles ará Gíríìkì. Ó gbé Oedipus wọ aṣọ Yorùbá, ó sì pè é ní The Gods Are Not to Blame. Láti orí àkọlé gan-an ló ti ń bá Sophocles jiyàn lórí ẹni tó jẹ̀bi.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Johnson wo ayé láti Ọ̀yọ́. Ó kọ pé bí Aláàfin ṣe fi Tìmì sí Ẹdẹ ni Ọwá Iléṣà náà fi Àtáọ́ja sí Òṣogbo; Òṣogbo sì ní ìtàn tirẹ̀ nípa Lároóyè àti ọdẹ Tìmẹ́hìn tó tẹ ìlú dó létí odò Ọ̀ṣun. Ní 1932, ọdún 11 lẹ́yìn tí ìwé Johnson jáde, J. D. E. Abíọ́lá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwé ìtàn Ìjẹ̀ṣà jáde ní Yorùbá, tí wọ́n wo ayé láti Iléṣà. Ìwé náà wà lára ohun tí J. D. Y. Peel gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé nígbà tó kọ Ijeshas and Nigerians ní 1983.

T. M. Àlùkò, ẹnjinía tí wọ́n bí ní Iléṣà ní 1918, gba ọ̀nà mìíràn. One Man, One Wife, ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀, jáde ní Èkó ní 1959. Ẹ̀kọ́ Bíbélì nípa ọkọ kan aya kan, bí àwọn ajíhìnrere ṣe mú un wá, ni Àlùkò gbé kalẹ̀ láàárín abúlé tí aya púpọ̀ ti jẹ́ iyì, ó sì fi hàn bí ìjọ àti ìdílé ṣe ń fa ara wọn ya. Nínú Kinsman and Foreman, tó jáde ní 1966, iṣẹ́ ẹnjinía tirẹ̀ ló wọ inú ìtàn.

Iléṣà náà ni Stay With Me, ìwé Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ tó jáde ní 2017, ti wáyé. Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀ ni Adébáyọ̀ ti dàgbà. Ọ̀rọ̀ àbíkú inú ìwé náà ti ní baba nílẹ̀: Ṣóyínká àti J. P. Clark ti kọ ewì lé e lórí, Ben Okri sì fi í ṣe The Famished Road ní 1991. Àwọn yẹn gbọ́ ohùn ọmọ tàbí ti ẹni tó ń wo ọmọ láti òkèèrè. Adébáyọ̀ fi ohùn fún Yéjídé, ìyá tó ń ṣe irun ní Iléṣà, tó ń sin ọmọ lẹ́yìn ọmọ. Ó tún fi àlọ́ Olúrónbí sáàárín ìtàn náà, ìyá tó fi ọmọ jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ìrókò, òǹkàwé sì rí i pé ìbéèrè tí Yéjídé ń bi ara rẹ̀ ti pẹ́ lẹ́nu àwọn ìyá.

Kíkà wọn papọ̀

Ní ilé-ìwé, wọ́n sábà máa ń kọ́ àwọn ìwé wọ̀nyí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: Johnson fún ẹ̀kọ́ ìtàn, Fágúnwà fún Yorùbá, Ṣóyínká àti Adébáyọ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá parí ẹ̀kọ́ láìmọ̀ pé ẹbí kan náà ni wọ́n. Òṣogbo ní yunifásítì ìpínlẹ̀, Iléṣà náà sì ti ní tirẹ̀; àwọn méjèèjì lè to àwọn ìwé yìí ní méjìméjì fún akẹ́kọ̀ọ́: ojú-ìwé Johnson lórí Abípa pẹ̀lú Ọba Mórò, Òkè Láńgbòdó pẹ̀lú ìlú àwọn òkú ti Tutùọ́lá, Ọba Wàjà pẹ̀lú Ikú Olókùn-Ẹṣin, àlọ́ Olúrónbí pẹ̀lú ìtàn Yéjídé. Kí wọ́n bi akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ni ẹni kejì mú, kí ló fi sílẹ̀, ẹnu ta ló sì ti gbọ́ ohun tí kò sí nínú ìwé tó kà.