Ilẹ̀kùn Ọgọ̀gà àti Ògiri Pálọ̀ Wa

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ohun tí ó ti pẹ́ nílé ní iyì tí owó kò lè rà lóòjọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a wà ní Ìlú Ọba yìí fi ń wá ohun àtijọ́ ilẹ̀ Yorùbá láti fi ṣe ilé wa lọ́ṣọ̀ọ́: ère ní kọ̀rọ̀ kan, ọpọ́n Ifá lára ògiri, adìrẹ lórí àga. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ tí a bí síbí yóò mọ̀ pé ilé wọn ní orírun. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá bi wá léèrè pé kí ni èyí, ta ni ó ṣe é, báwo ni ó sì ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, kí ni a ó sọ? Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe. Nínú iṣẹ́ wa, ohun tí kò bá ní ìwé tí ó fi ibi tí ó ti wá hàn, kì í jẹ́ kí ọkàn ẹni balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ohun àtijọ́ rí, ìtàn ilẹ̀kùn kan sì lè là á yé wa.

Láyé àtijọ́, àwọn baba wa kì í gbẹ́ ère nítorí kí ògiri má baà ṣófo. Gbogbo ohun tí wọ́n gbẹ́ ló ní iṣẹ́ tirẹ̀. Orí ọpọ́n ni babaláwo ti ń tẹ odù. Inú agere ni ó ń kó ikin sí. Ọ̀ṣé wà fún olùsìn Ṣàngó. Ère ìbejì wà fún ìyá tí ọ̀kan nínú ìbejì rẹ̀ kú, tí ó ń wẹ̀ ẹ́, tí ó sì ń fún un lóúnjẹ bí ẹni pé ó wà láàyè. Ọ̀pó tí a gbẹ́ àti ilẹ̀kùn tí a fín kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn: ààfin ọba, ilé ìjòyè ńlá àti ilé òrìṣà ni a ti ń rí wọn. Ní ilé àwọn yòókù, ẹní tí a hun dáradára, igbá fínfín àti ìkòkò tí ìyáálé tò léra wọn ni ọ̀ṣọ́ ilé.

Nínú àwọn tí ó gbẹ́ igi fún ọba, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ jẹ́ ọ̀gá. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni a bí i sí, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀ ni ó gbé, tí ó ti sin Arínjálẹ̀ ní ààfin, títí ó fi kú ní 1938. Láàrin 1910 sí 1914, ó gbẹ́ ilẹ̀kùn aláwẹ́ méjì fún ààfin Ọgọ̀gà ti Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ agbẹ́gilére a máa fín ère mọ́ ara pákó pẹrẹsẹ. Ti Ọlọ́wẹ̀ yọ jáde, bí ẹni fẹ́ ti ara igi sọ̀ kalẹ̀. Ní awẹ́ kan, Ọgọ̀gà jókòó pẹ̀lú adé lórí, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ní awẹ́ kejì, àwọn ènìyàn gbé òyìnbó aṣojú ìjọba, Captain Ambrose, wọ ìlú, àwọn aláàárù sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ìtàn bí ìjọba òyìnbó ṣe dé Èkìtì ni Ọlọ́wẹ̀ kọ sára igi.

Ní 1924, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àfihàn ńlá kan ní Wembley, níbi tí wọ́n ti kó ohun oríṣiríṣi jọ láti gbogbo ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ wọn. Ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn aláṣẹ British Museum rí i, wọ́n fẹ́ rà á. Ọgọ̀gà kọ̀, kò gba owó. Pàṣípààrọ̀ ni ó gbà: kí wọ́n ṣe àga ọba fún òun ní Ìlú Ọba, kí wọ́n sì mú ilẹ̀kùn. Báyìí ni ilẹ̀kùn náà ṣe di ti British Museum.

Ẹnì kan lè sọ pé pàṣípààrọ̀ náà kò dọ́gba, nítorí pé abẹ́ òyìnbó ni ọba wà nígbà náà. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí Ọgọ̀gà ṣe. Kò ka ohun ọba sí ọjà. Ohun ọba ni ó fẹ́ gbà dípò rẹ̀. Agbẹ́gilére rẹ̀ sì wà láàyè, ó ṣì ń gbẹ́ ọ̀pó àti ilẹ̀kùn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, a mọ ẹni tí ó gbẹ́ ilẹ̀kùn náà, ẹni tí ó ni ín, àti ọ̀nà tí ó gbà kúrò nílé. Ọmọ Yorùbá tí ó bá dúró níwájú rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní ṣàìgbọ́ ìtàn.

Ọ̀pọ̀ ohun mìíràn kò ní irú ìwé ìrìnnà bẹ́ẹ̀. Òmíràn, ẹni tí ó nílò owó ni ó tà á. Òmíràn, olè ni ó gbé e lójúbọ ní òru. Ní 1993 àti 1994, àwọn olè fọ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba ní Ilé-Ifẹ̀ pàápàá. Òfin kò sì ṣàìsí. Ìjọba ṣe ọ̀kan ní 1953. Ní 1979, Decree 77 dá àjọ National Commission for Museums and Monuments sílẹ̀. Lábẹ́ òfin yìí, iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa tí a ṣe ṣáájú 1918 jẹ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Èyí tí a ṣe lẹ́yìn ìgbà náà jẹ́ bẹ́ẹ̀ náà, bí ó bá ní pàtàkì nínú ìtàn tàbí iṣẹ́ ọnà, tí a sì ti lò ó fún ayẹyẹ ìbílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé e jáde ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ.

Nítorí náà, bí oníṣòwò kan ní Portobello Road bá na ère ìbejì sí wa, ẹ jẹ́ kí a bi í pé: ọdún wo ni ó kúrò nílé? Ìwé wo ni ó bá a wá? Bí kò bá ní ìdáhùn, á jẹ́ pé ó lè jẹ́ ẹrù olè, ó sì lè jẹ́ ayédèrú tí wọ́n gbẹ́ láìpẹ́, tí wọ́n fi èéfín rẹ̀ kí ó lè dà bí ogbó. Méjèèjì kò yẹ ògiri ọmọlúàbí.

Kí ni ká wá ṣe? Èkíní, ẹ jẹ́ kí a ra iṣẹ́ alààyè. Ní 1947, Fádà Kevin Carroll àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Níbẹ̀ ni George Bándélé, ọmọ Àreògún ti Ọ̀sì, ti ṣiṣẹ́, òun ni ó sì kọ́ Làmídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá níṣẹ́. Fákẹ́yẹ kú ní 2009, ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ́ ṣẹ́yìn ṣì ń gbẹ́ igi. Iṣẹ́ wọn ní orúkọ, ó ní rìsíìtì, owó rẹ̀ sì ń bọ́ agbẹ́gilére.

Èkejì, ẹ wo inú àpótí ìyá yín kí ẹ tó wo ọjà. Bóyá adìrẹ Olọ́ba wà níbẹ̀, èyí tí àwọn aládìrẹ ṣe nígbà tí Ọba George Karùn-ún pé ọdún 25 lórí ìtẹ́ ní 1935. Bóyá Ìbàdàn Dùn ni, tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya òpó Mápó sí, gbọ̀ngàn tí a ṣí ní 1929. Sányán bàbá àgbà ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú, àti fọ́tò tí ó ti wà nínú férémù láti ìgbà tí ẹ kò tíì dáyé. Kò sí oníṣòwò tí ó lè ta ìtàn wọn fún yín.

Nígbà tí ẹ bá tún lọ sílé, ẹ jókòó ti àwọn àgbà, kí ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ ohun náà, ẹni tí ó ni ín, iṣẹ́ tí ó ṣe àti ọdún tí wọ́n rà á. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn férémù. Ẹ má ṣe fi í dọ̀la, nítorí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.