Ṣé Ẹ Rí I Ni, Àbí Ẹ Gbọ́ Ọ, Àbí Ẹ Rò Ó?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ gùn.

Ní ìgbà kan, wọ́n pè mí sí ibi ìsọmọlórúkọ ní Ajíbọ́dẹ, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Akínyẹlé, lẹ́yìn ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Abúlé oko ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lónìí, ilé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé oko náà mì. Nígbà tí a jẹ tí a mu tán, bàbá àgbà méjì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí ìdílé tí ó kọ́kọ́ dé sí ẹ̀gbẹ́ odò kan báyìí. Ọ̀kan ní baba ńlá òun ni ó kọ́kọ́ ṣán igbó ibẹ̀. Èkejì ní irọ́ ni, àlejò ni baba ńlá onítọ̀hún, ìṣákọ́lẹ̀ ni ó ń san. Ohùn ń ga, ọ̀rọ̀ fẹ́ di ìjà. Ni ìyá arúgbó kan tí ó fẹ̀yìn ti ògiri bá dá sí i, ó ní: "Ẹ̀yin bàbá wọ̀nyí, ẹ forí jì mí o. Èyí tí ẹ ń sọ yìí, ṣé ẹ rí i ni, àbí ẹ gbọ́ ọ, àbí ẹ rò ó?"

Kẹ́kẹ́ pa. Bàbá àkọ́kọ́ ní bàbá òun ni ó sọ ọ́ fún òun. Ìkejì ní òun rò ó ni, nítorí pé sàréè àwọn ará ilé òun ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ìjà náà rọlẹ̀, nítorí pé olúkúlùkù ti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wá.

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè ìyá yìí kò ti kúrò lọ́kàn mi. Mo wá rí i pé èdè wa ti pèsè fún un tipẹ́tipẹ́. Ẹni tí ó rí nǹkan a máa sọ pé, "Ó ṣojú mi." Ẹni tí ó gbọ́ a sọ pé, "Wọ́n ní." Ẹni tí ó rò ó a sọ pé, "Lójú tèmi." Àwọn àgbà sì ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ohun tí ó ń bà wá jẹ́ ni pé a máa ń gbé ọ̀rọ̀ ká, a ó sì já "wọ́n ní" inú rẹ̀ sọ nù sójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ, èyíinì ni ibi tí Yorùbá ti ṣẹ̀ wá. Ní nǹkan bí ọdún 1812, Muhammad Bello ti Sókótó kọ ìwé kan ní èdè Lárúbáwá, Infaq al-Maysur. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ará ilẹ̀ Yorùbá ṣẹ́kù láti inú àwọn ọmọ Kénáánì, ẹ̀yà Nímíródù. Ní ọdún 1824, Ọ̀gágun Clapperton, ará Skọ́tílándì, dé Sókótó, ó sì gba àkọsílẹ̀ kan lọ́wọ́ Bello. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1826. Nínú ìtumọ̀ náà, gbólóhùn tí ó sọ ọ̀rọ̀ yìí ní atọ́nà kan nínú: ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rò. Lónìí, bí a bá ń sọ ọ́, "bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rò" ti bọ́ sọ nù. Ó ti di "bẹ́ẹ̀ ni ó rí."

Àlùfáà Samuel Johnson náà fi ọ̀rọ̀ Bello yìí sínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ parí ní ọdún 1897. Ìwé yẹn sọ nù lọ́wọ́ àwọn tí ó yẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù. Ọdún 1921 ni ó tó jáde, nígbà tí àwọn méjèèjì ti di olóògbé.

Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ ka Johnson yóò rí i pé ohùn mẹ́ta ni ó ń dún níbẹ̀. Ó gbọ́: ó sọ ohun tí ìtàn àtẹnudẹ́nu wí, pé ọmọ Lámúrúdu, ọba Mẹ́kà, ni wá. Ó rò: ó ní kò lè jẹ́ Mẹ́kà tí ayé mọ̀, nítorí pé àwọn òǹkọ̀wé Lárúbáwá kò mẹ́nu kan irú ọba bẹ́ẹ̀, lójú tirẹ̀, apá Íjíbítì ni a ti wá, ó sì tọ́ka sí àwọn ère òkúta Ifẹ̀ àti Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn. Ó sì rí: nígbà tí wọ́n ń wá àlàáfíà sí ogun Kírìjì ní ọdún 1886, òun àti Àlùfáà Charles Phillips wà lára àwọn tí gómìnà Èkó rán sí ibùdó àwọn jagunjagun. Ohun tí ó sọ nípa ibùdó wọ̀nyẹn, ó ṣojú rẹ̀. Ohun tí ó sọ nípa Íjíbítì, èrò ni. Ìwé kan náà ni, ṣùgbọ́n ìwọ̀n wọn kò dọ́gba.

Àwọn awalẹ̀wádìí náà kò bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè ìyá arúgbó. Ní ọdún 1965, àwọn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw ti Yunifásítì Ìbàdàn kó sòdí hú egungun ènìyàn kan ní ihò àpáta Iwo Eleru, ní agbègbè Àkúrẹ́. Egungun náà ti lé ní ẹgbàárùn-ún ọdún. Pé ènìyàn ti ń gbé inú igbó wa láti ìgbà náà, òótọ́ tí a lè fọwọ́ kàn ni. Ẹni tí ó bá wá ní Yorùbá ni òkú náà ń sọ, èrò tirẹ̀ ni, nítorí egungun kì í sọ̀rọ̀.

Ẹlòmíràn lè bi mí pé, kí ni èyí já mọ́? Ó já mọ́ ilẹ̀. Ní ọdún 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Nàìjíríà to ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ni ó ni ilẹ̀. Ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ ni àkọ́kọ́ nínú wọn. Ìtàn tí bàbá sọ lábẹ́ igi lè di ilé ọmọ, ó sì lè gba ilé lọ́wọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Ní àyíká Ìbàdàn, níbi tí ebè ti ń di ilé alájà, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Báwo wá ni adájọ́ ṣe ń yẹ ìtàn méjì tí ó takora wò? Ní ọdún 1957, ẹjọ́ kan dé Lọ́ńdọ̀nù láti Gold Coast, èyí tí í ṣe Gánà lónìí. Kojo Kejì àti Bonsie ni wọ́n jọ ń ṣe é. Àwọn adájọ́ ní ẹni tí ó gba ìtàn láti ọwọ́ baba rẹ̀ lè sọ ọ́ tòótọ́tòótọ́, kí ó sì ṣì í. Nítorí náà, kí a má wo bí ó ṣe dá ara rẹ̀ lójú tó. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́, tí ojú ẹlẹ́rìí tó, ni kí a fi wọn ìtàn méjèèjì, kí a wo èyí tí ó bá a mu. Ọ̀nà mìíràn tí wọ́n gbà béèrè ìbéèrè ìyá Ajíbọ́dẹ nìyẹn.

Èmi kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ní èrò o. Láìsí èrò, ìtàn yóò gbẹ bí ewé ọ̀gbẹlẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí èrò máa jẹ́ orúkọ tirẹ̀. Bí ẹ bá ń gba ìtàn ìdílé sílẹ̀ lẹ́nu àwọn bàbá àti ìyá yín, ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ sí i, àti ẹni tí ó sọ ọ́ fún òun náà. Ibi tí ẹ bá ti rò ó fúnra yín, ẹ kọ "lójú tèmi" síbẹ̀. Ìyá arúgbó náà ti lọ bá àwọn baba rẹ̀. Pé ó béèrè ìbéèrè yẹn, ó ṣojú mi. Pé ìbéèrè rẹ̀ ni ó yẹ kí ó máa ṣáájú gbogbo iyàn wa, èyíinì ni èrò tèmi.