Owó Ẹyọ Mẹ́fà àti Ìyẹ́ Kan: Àrokò Ìjẹ̀bú àti Àṣẹ Orí Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè ní Èkó ní òpin oṣù Kejìlá ọdún 1851, ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ gba ojú ọ̀sà lọ sí Ẹ̀pẹ́, Akítóyè sì padà sórí ìtẹ́. Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, tí Ẹ̀pẹ́ wà ní ilẹ̀ rẹ̀, ní láti bá ọba tó padà dé náà sọ̀rọ̀. Àrokò ló fi ránṣẹ́: owó ẹyọ tí wọ́n so ní méjì-méjì, tí wọ́n dojú kọra, pẹ̀lú ọmọ ayò lára okùn kan náà. Owó ẹyọ tó dojú kọra sọ pé ìfẹ́ wà láàárín ọba méjèèjì àti àwọn ènìyàn wọn. Ọmọ ayò sọ pé kí wọ́n jọ máa ṣeré bí ọ̀rẹ́. J. A. Otunba Payne, ọmọ Ìjẹ̀bú tó jẹ́ akọ̀wé àgbà ní ilé ẹjọ́ gíga Èkó, ló kó àrokò yìí àti àwọn mìíràn jọ. G. W. Bloxam fi wọ́n han àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ìròyìn rẹ̀ sì jáde nínú ìwé ní ọdún 1887. Ohun tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí ẹni tó gba irú okùn bẹ́ẹ̀ ń ṣe ni kọ̀ǹpútà ń ṣe nígbà tó bá ń tú àṣẹ tí a tẹ̀ sí i, àti pé nǹkan kan ló gbé méjèèjì ró: àdéhùn tó ti wà kí iṣẹ́ tó dé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ti kọ̀ǹpútà. Lórí ẹ̀rọ tó ń lo Unix tàbí Linux, ènìyàn lè tẹ ìlà yìí: sort -r -o esi.txt oruko.txt. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni orúkọ àṣẹ, tó ní kí ẹ̀rọ to nǹkan lẹ́sẹẹsẹ. Àmì -r ní kí ó tò ó láti ìparí wá sí ìbẹ̀rẹ̀. Àmì -o kò lè dá dúró: ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e ni orúkọ fáìlì tí èsì yóò wọ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn ni fáìlì tí a fẹ́ tò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó tò tẹ̀ léra lásán ló dé ọ̀dọ̀ sort. Kò sí ohun kan lára esi.txt tó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára oruko.txt. Sort mọ ìyàtọ̀ nítorí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé -o máa ń mú nǹkan dání, pé -r kì í mú. Bí ìmọ̀ yẹn bá sọnù, fáìlì tó yẹ kí a kọ èsì sí lè di èyí tí ẹ̀rọ ń gbìyànjú láti kà.

Ìmọ̀ yìí pẹ́ kó tó di ti gbogbo ènìyàn. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ Unix ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, olúkúlùkù tó kọ ètò ló ń tú àmì ara rẹ̀ bó ṣe wù ú. Ètò kan gbà kí a so àmì pọ̀, òmíràn kọ̀. Ọ̀kan fẹ́ àlàfo lẹ́yìn àmì, èkejì kò fẹ́. Inú System III, ẹ̀yà Unix kan, ni getopt ti jáde gẹ́gẹ́ bí ohun àjọlò tí ètò èyíkéyìí lè pè. Àwọn tó ń kọ script, ìyẹn àkójọ àṣẹ fún shell tó ń gba ohun tí a tẹ̀, náà rí àṣẹ kan tó ń jẹ́ getopt lò, ṣùgbọ́n àbùkù rẹ̀ tóbi: bí orúkọ fáìlì bá ní àlàfo nínú, ó máa ń gé e sí méjì. Ìdí nìyẹn tí getopts fi rọ́pò rẹ̀ nínú shell System V Release 3 ní ọdún 1986, tí POSIX, ìlànà àjọlò fún Unix, sì gbà á wọlé ní 1992. Títí di òní, ẹni tó ń kọ script bash ṣì ń kọ while getopts "ro:" ami. Létà méjèèjì yẹn ni àmì tí script náà gbà. Kólọ̀nù tó wà lẹ́yìn o ló sọ pé o gbọ́dọ̀ mú nǹkan dání. Àmì tó bá ju èyí lọ, getopts yóò kéde pé òun kò mọ̀ ọ́n.

Nínú àwọn àrokò tí Payne kó jọ, èyí tó ṣe pàtàkì jù fún ọ̀rọ̀ wa wá láti ọ̀dọ̀ balógun Ìjẹ̀bú kan sí ọmọ ọba kan tó wà ní ìdálẹ̀: owó ẹyọ mẹ́fà àti ìyẹ́ kan. Ẹẹ́fà gbé fífà dání: mo fà ọ́ mọ́ra, kí ìwọ náà fà mọ́ mi. Ìyẹ́ ni wọ́n fi ń ro etí, nítorí náà òun ló sọ pé kí ọ̀rọ̀ yìí dé etí rẹ, kí o sì tètè wá. Wíwà tí ìyẹ́ wà níbẹ̀ tó. Bí -r ṣe rí nìyẹn. Owó ẹyọ kò tó fúnra rẹ̀. A ní láti ka iye rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí -o ṣe ń dúró de ohun tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá rí owó ẹyọ tí kò kà á kò tíì gba iṣẹ́ kankan.

Ẹ fi èyí wé àrokò tí C. A. Gollmer, ajíhìnrere CMS, ròyìn ní 1885. Ọkùnrin kan tó wà ní ìgbèkùn ní Dahomey fi òkúta, èédú, ata, àgbàdo yíyan àti àkísà ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀. Ara òun le bí òkúta, ọjọ́ iwájú òun dúdú bí èédú, ọkàn òun gbóná bí ata, ìyà ti mú ara òun gbẹ bí àgbàdo yíyan, aṣọ ọrùn òun sì ti di àkísà. Bí ìyàwó náà bá bẹ̀rẹ̀ láti orí àkísà, ìròyìn kan náà ni yóò gbà. Ti owó ẹyọ ọba kò rí bẹ́ẹ̀. Méjì tó dojú kọra jẹ́ ọ̀rẹ́. Bí wọ́n bá kẹ́yìn síra, ìjà dé. Bẹ́ẹ̀ ló rí lórí kọ̀ǹpútà: -r lè ṣáájú -o tàbí kó tẹ̀ lé e, kò sí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yí fáìlì méjì padà lẹ́yìn àṣẹ cp, tó ń ṣe ẹ̀dà fáìlì, yóò fi èyí tí ó yẹ kó pa run bo èyí tí ó yẹ kó pa mọ́. Àwọn ohun kan ń gbé ìtumọ̀ wọn kiri. Àwọn mìíràn, ibi tí a gbé wọn sí ni ìtumọ̀ wọn. Ìjẹ̀bú mọ méjèèjì, wọ́n sì ń lò wọ́n lórí okùn kan ṣoṣo.

Mo gbà pé ojú ọ̀sà ní ìpín nínú èyí. Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti ọjà Ẹ̀jìnrìn ni ẹnu ọ̀nà tí Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ fi ń bá Èkó ṣòwò, ohun tó bá sì gba ibẹ̀ kọjá ń gba ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn kọjá. Ní 1865 ni àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, nítorí ọ̀nà tó gba ibẹ̀ lọ sí Ìbàdàn ń yẹ Abẹ́òkúta sílẹ̀; ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ni ọmọ ogun ìjọba Èkó tú wọn ká. Lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kéré, kó rọrùn láti gbé, kó sì yadi fún ẹni tí kò sí nínú àdéhùn.

Ẹnìkan lè sọ pé àrokò jẹ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n, tó ń fún ẹni tó gbà á láyè láti ronú, nígbà tí ẹ̀rọ kò lè ronú rárá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìrònú yẹn ń bọ̀ lẹ́yìn ìtúpalẹ̀. Ọmọ ọba lè ronú bóyá kó lọ tàbí kó má lọ. Kò láyè láti pinnu pé ẹẹ́fà kì í ṣe fífà. Àmì kan náà sì lè yí padà ní ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn: -r tó ń yí bí nǹkan ṣe tò padà fún sort, wíwọ inú àpò fáìlì láti pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́ ló jẹ́ fún rm. Orúkọ tó ṣáájú ló ń sọ ìwé àdéhùn tí a ó ṣí, bí orúkọ ẹni tó rán àrokò ṣe ń sọ ọ́. Ẹlòmíràn lè rò pé mo ń wá ọ̀nà láti sọ pé àwọn baba wa ló dá kọ̀ǹpútà sílẹ̀. N kò sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí okùn kankan tó so Ìjẹ̀bú-Òde mọ́ Bell Labs. Ìṣòro ló jọra, ó sì yẹ kí a bọlá fún àwọn tó kọ́kọ́ yanjú rẹ̀ lórí ilẹ̀ wa.

Àtakò tó wúwo jù ni pé ìwé borí àrokò. Kòsọ́kọ́ fúnra rẹ̀, ní Ẹ̀pẹ́, ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, fọwọ́ sí àdéhùn orí ìwé pẹ̀lú Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1892, Ẹ̀pẹ́ yìí kan náà ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí kí wọ́n tó lọ ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n. Ìwé lè di ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ mú, ilé ẹjọ́ sì gbà á. N kò jiyàn. Ṣùgbọ́n àìpé àrokò kọ́ ló pa á. Ọkàn àwọn tó ń lò ó ni àdéhùn rẹ̀ wà, nígbà tí agbára sì kúrò lọ́wọ́ wọn, kò sí ẹni tó tún ní láti kọ́ ọ.

Ibí ni iṣẹ́ Payne ti níye lórí. Kò kó okùn jọ lásán. Ó fi ìtumọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Láìsí ìyẹn, ìyẹ́ àti owó ẹyọ mẹ́fà nìkan là bá máa wò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ script ní yunifásítì LASUSTECH ní Ìkòròdú, tàbí ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ yunifásítì LASU ní Ẹ̀pẹ́, lè kọ "ro:" kí gbogbo rẹ̀ sì ṣiṣẹ́, síbẹ̀ kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tó sọ ohun tí r ń ṣe. getopts kì í kọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó kọ script ló ní láti fi àmì -h kún un, kó sì kọ ọ́ fúnra rẹ̀: ìlà kan fún r, ìlà kan fún o àti ohun tí o ń mú dání.