Ìwọ́ Ọmọ Tuntun: Láti Ọwọ́ Ìyá Àgbà dé Sàngó-Ọ̀tà

Olóòtú ètò yìí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú ọmọ ìkókó láyé àtijọ́ àti lóde òní, pàápàá jù lọ ní agbègbè Àtàn, Ọ̀tà àti Sàngó. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ju ohun tí ènìyàn lè sọ tán lẹ́ẹ̀kan lọ, nítorí ìwẹ̀ wà níbẹ̀, ọmú wà níbẹ̀, àgbo àti oorun ọmọ náà sì wà níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni n ó mú nínú wọn. Ohun náà ni ìwọ́, kùkùté kékeré tí ó máa ń kù lára ìdodo lẹ́yìn tí agbẹ̀bí bá ti ya ọmọ kúrò lára ibi. Ọgbẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹ̀dá ń ní láyé nìyẹn. Ohun tí ó bá sì kan ojú ọgbẹ́ yìí láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré ti rán ọ̀pọ̀ ọmọ padà kí a tó sọ wọ́n lórúkọ.

Yorùbá kò fi ọ̀rọ̀ ìwọ́ ṣeré. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi hàn pé ọmọ bíbí ìlú kan ni òun í ṣe, kì í fi ilé tí ó ń gbé ṣe ẹ̀rí; yóò ní ibẹ̀ ni wọ́n rì ìwọ́ òun mọ́. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wo Àtàn lónìí, a óò rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ń gbé ibẹ̀ ni ìwọ́ wọn wà níbòmíràn. Ilẹ̀ Àwórì ni láti ìbẹ̀rẹ̀, ojú ọ̀nà tí ó ti Ọ̀tà lọ sí Ìdírókò ni ó sì wà. Lẹ́yìn tí ìjọba dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976, ilé iṣẹ́ ńláńlá ń pọ̀ sí i ní Sàngó, ní Ọ̀tà àti ní Àgbárá, nítorí pé Èkó kò jìnnà, ilẹ̀ ibẹ̀ kò sì wọ́n tó ti Èkó. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wá láti gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, láti ilẹ̀ Ìgbò, láti òkè ọya, àti láti ìkọjá ẹnubodè ní Bẹ̀nẹ̀. Nítorí náà, púpọ̀ nínú àwọn aboyún tí ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ ni kò ní ìyá nítòsí tí yóò wá bá wọn wẹ ọmọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí n óò padà sí i.

Ìyá àgbà ni ọ̀jọ̀gbọ́n ìwọ́ láyé àtijọ́. Bí agbẹ̀bí bá ti fi òwú so ìwọ́, tí ó sì ti gé e, ìyá ọkọ tàbí ìyá ìyàwó ni yóò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá wẹ ọmọ tán ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, wọn a kọjú sí ìwọ́. Wọn a ri aṣọ kékeré bọ omi gbígbóná, wọn a fún un, wọn a sì máa fi tẹ ìdí ìwọ́ náà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí àtùpà onígíláàsì dé, àwọn mìíràn a máa fi ọwọ́ kan gíláàsì rẹ̀ kí ọwọ́ náà lè móoru, wọn a sì fi ooru ọwọ́ tẹ ìwọ́. Lẹ́yìn èyí ni wọn óò fi òrí tàbí epo pa á. Ìran tí ó tẹ̀ lé wọn fi ìpara onímẹ́ńtọ́ọ̀lù kún un, àwọn kan tilẹ̀ fi ọṣẹ ìfọyín kún un. Ète gbogbo wọn kò ju ọ̀kan lọ, kí ìwọ́ tètè gbẹ kí ó sì já.

Èmi kì í bá àwọn tí ń fi èyí ṣe ẹlẹ́yà rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó bá wò ó dáadáa yóò rí i pé ìmọ̀ wà nínú rẹ̀: àwọn ìyá wa mọ̀ pé ìwọ́ tí ó bá tutù léwu, pé èyí tí ó bá gbẹ sàn. Lóòótọ́, ooru a máa bó ọmọ lára nígbà mìíràn, òrí tí gbogbo ọwọ́ ń wọ ìkòkò rẹ̀ kò sì lè mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀tá tí ó burú jù ni èyí tí wọn kò lè fojú rí. Inú erùpẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ni kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbé. Ó lè sùn síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìkú, omi tí ó hó fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kò sì tó láti pa á. Bí ó bá bá abẹ wọlé, tàbí òwú, tàbí ọwọ́, tàbí oògùn tí a gún, inú kùkùté ìwọ́ tí ó ti kú ni yóò jókòó sí tí yóò máa tú oró. Láàárín ọjọ́ kẹta sí ọjọ́ kẹrìnlá, ọmọ tí ó ti ń mu ọmú dáadáa kò ní lè mu ọmú mọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yóò dì, ara rẹ̀ yóò le gbagidi, ariwo kékeré tàbí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ yóò sì máa mú un gbọ̀n. Ọ̀pọ̀ ìdílé pè é ní gìrì, wọ́n sì wá ẹlẹ́bi rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ayé. Ní nǹkan bí ọjọ́ keje ni ó sábà máa ń yọjú. Ìdílé tí ó ti ra obì, orógbó àti oyin sílẹ̀ fún ìsọmọlórúkọ ni yóò wá máa wá ibi tí yóò sin ọmọ sí.

Ní 1884 ni Arthur Nicolaier ará Jámánì fi hàn pé inú erùpẹ̀ ni àrùn náà ti ń wá. Ní 1889 sì ni Kitasato ará Jàpáànù ya kòkòrò rẹ̀ sọ́tọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú nìkan ni ó ti ń pa ọmọ. Erékùṣù kékeré kan wà ní ìwọ̀-oòrùn Scotland tí wọ́n ń pè ní St Kilda. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, bí ìyá kan bá bí ọmọ mẹ́ta níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí méjì kú ní nǹkan bí ọjọ́ kẹjọ. Àwọn ará erékùṣù náà gbà pé Ọlọ́run ni ó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ mélòó kan fura sí òróró ẹyẹ òkun tí wọ́n fi ń pa ìwọ́, àwọn mìíràn kò gbà bẹ́ẹ̀, iyàn náà kò sì tíì tán. Èyí tí kò ní iyàn nínú ni pé àlùfáà ìjọ wọn, Angus Fiddes, lọ kọ́ ìmọ́tótó ìgbẹ̀bí ní Glasgow, ó sì mú un padà wálé. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, àrùn yìí ti dáwọ́ dúró ní St Kilda. Ní tèmi, ohun tí ó wú mi lórí jù nínú ìtàn yìí ni pé ẹni tí wọ́n mọ̀, tí ó ń bá wọn gbé, tí ó sì ń sọ èdè wọn, ni ó mú ẹ̀kọ́ náà wá.

Ọ̀nà kejì gba ara ìyá. Ní 1961, Schofield àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde láti Papua New Guinea tí ó fi hàn pé bí a bá fún obìnrin ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì, ààbò náà yóò gba inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dé ara ọmọ inú rẹ̀. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò àjẹsára tirẹ̀ ní 1979, ó sì tún gbérí lẹ́yìn tí Olikoye Ransome-Kuti, oníṣègùn ọmọdé, di mínísítà ètò ìlera ní 1985. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé 787,000 ọmọ tuntun ni tẹ́tánọ́ọ̀sì pa ní gbogbo ayé ní 1988. Ní 2018, iye náà ti wálẹ̀ sí 25,000.

Ṣùgbọ́n tẹ́tánọ́ọ̀sì nìkan kọ́ ni ó ń gba ìwọ́ wọlé. Àwọn kòkòrò mìíràn wà tí ń mú kí ìwọ́ wú, kí ó máa rùn, kí àrùn sì wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Níbí ni ó ti yẹ kí a sọ òtítọ́ nípa ilé ìwòsàn náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn nọ́ọ̀sì wa ń kọ́ ìyá ọmọ láti máa fi sípíríìtì nu ìwọ́, tí wọ́n ń kọ òrí ìyá àgbà. Ní 1998, Àjọ Ìlera Àgbáyé yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n sì ní kí a kàn jẹ́ kí ìwọ́ mọ́ kí ó sì gbẹ, kí a má fi nǹkan kan sí i. Síbẹ̀, sípíríìtì kò kúrò nílé ọlọ́mọ. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá sọ̀rọ̀ lónìí bí ẹni pé ohun tí òun ń wí ni a ti ń wí láti ayé Nóà, ìyá àgbà tí ó ti gbọ́ ẹ̀kọ́ méjì tàbí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti ẹnu àwọn nọ́ọ̀sì náà mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tuntun dé ní 2006. Ní Nepal, wọ́n fi oògùn apakòkòrò kan tí a ń pè ní chlorhexidine tọ́jú ìwọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n bí, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ilé, ikú láàárín wọn sì dín ní ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Bangladesh àti Pakistan lẹ́yìn náà gbè é lẹ́yìn. Ní Nàìjíríà, Ṣókótó àti Bauchi wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ sì gbé ètò kalẹ̀ ní 2016 láti mú un dé ibi gbogbo. Ìdí rẹ̀ kò farasin: ìwádìí ìlera tí orílẹ̀-èdè yìí ṣe ní 2018 fi hàn pé nínú 1,000 ọmọ tí a bí láàyè, 39 ni kì í pé oṣù kan láyé, àti pé nínú ìbímọ 100, 39 péré ni ó wáyé ní ilé ìwòsàn.

Oògùn yìí gan-an ni ó mú mi dé Ọ̀tà. Sàngó-Ọ̀tà ni ilé iṣẹ́ Drugfield wà, èyí tí ń ṣe é ní gẹ́ẹ̀lì tí a lè fún jáde láti inú túùbù. Àgbègbè tí ó kó àwọn ìyá kúrò nítòsí ìyá wọn náà ni ó ń ṣe ohun tí a fi lè rọ́pò òrí àti epo. Mi ò sọ pé ó ti rọ́pò wọn o. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Zambia àti ní erékùṣù Pemba, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2016, kò rí i pé oògùn náà dín ikú kù níbẹ̀. Nítorí náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sọ ní 2022 pé kí ìwọ́ mọ́ kí ó sì gbẹ ni ìlànà fún gbogbo ọmọ, pé ibi tí àwọn ènìyàn bá ti ń fi ohun tí ó léwu sí ìwọ́ nìkan ni kí a ti lo chlorhexidine, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kìíní.

Ewu kan tún wà tí ó kan iṣẹ́ tèmi, iṣẹ́ èdè. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ké gbàjarè pé ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní Áfíríkà, wọ́n ti ṣèèṣì fi oògùn ìwọ́ yìí sí ẹyinjú, pàápàá sí ti ọmọ tuntun, ó sì ti ba ojú wọn jẹ́. Ìgò olómi rẹ̀ jọ ìgò oògùn ojú. Àwọn ọmọ tuntun náà sì ní oògùn ojú tiwọn tí nọ́ọ̀sì ń fi sí wọn lójú ní kété tí a bá bí wọn, kí àrùn má ba à fọ́ wọn lójú.

Ẹ jẹ́ kí a gbé e sórí òṣùwọ̀n Yorùbá. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni a ní fún irú oògùn bẹ́ẹ̀: a ń kán ti ojú àti ti etí, a sì ń pa ti ara. Ẹni tí a bá gbé ìgò kékeré fún tí a sì sọ fún un pé kí ó kán an, ojú tàbí etí ni ọkàn rẹ̀ yóò lọ, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń gbé. Èyí tí ó tún le jù ni ọ̀rọ̀ náà ojú fúnra rẹ̀. Èmi pàápàá ti sọ ojú ọgbẹ́ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, kò sì sí Yorùbá tí yóò ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀sì tí ó ń kánjú bá fi ìka tọ́ka, tí ó ní, "Ẹ máa fi sí ojú rẹ̀ lójoojúmọ́," ojú ìwọ́ ni ó wà lọ́kàn òun. Ìyá ọlọ́mọ tí oorun ń kùn, tí kò sùn láti ìjẹta, lè gbọ́ ojú ọmọ. Mi ò sọ pé báyìí ni ó ṣe ṣẹlẹ̀ níbì kankan. Ohun tí mo ń sọ ni pé èdè wa fàyè gba àṣìgbọ́ yìí, àwa tí a sì ń kọ́ àwọn olùkọ́ àti àwọn nọ́ọ̀sì ní Yorùbá kò tíì fi kọ́ wọn.

Bí a bá fún ìyá kan ní oògùn náà ní Àtàn, ó lè jẹ́ nílé agbẹ̀bí ìbílẹ̀, ó lè jẹ́ ní ilé ìgbẹ̀bí ìjọ, ìyá àgbà kan sì lè má sí níbẹ̀ tí yóò bi í léèrè pé kí ni ó fẹ́ fi ìyẹn ṣe. Àbá tí mo mú wá fún àwọn olùdarí ètò ni pé kí a má pe orúkọ oògùn náà láìfi ìwọ́ kún un, kí agbẹ̀bí sì fi ọwọ́ ìyá ọlọ́mọ kan ìdodo ọmọ bí ó ti ń sọ ọ́: "Ìyá ìkókó, ìpara ìwọ́ rèé. Ẹ kọ́kọ́ fọ ọwọ́ yín. Ẹ fi pa ìwọ́ àti ìdí ìwọ́, ẹ má dì í mọ́ inú ìlédìí. Kì í ṣe oògùn ojú, kì í ṣe oògùn etí, kò sì gbọdọ̀ kan ẹnu. Bí ìwọ́ bá ń rùn, tí ìdí rẹ̀ bá pọ́n, tàbí tí ọmọ bá kọ ọmú, ẹ má dúró dìgbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Màmá tí ẹ ń pè lórí fóònù, ẹ sọ fún àwọn náà." Olóòtú, mo ti sọ tèmi, ẹ gba ìbéèrè wọlé.