Òkúta Ìjerò àti Ọjà Ayé

Kí ni ó ń sọ òkúta lásán di ọjà? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti oníṣòwò nìkan. Ó kan ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọ́ni ní ìtàn ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì. Ní ilẹ̀ Ajerò, lábẹ́ oko kòkó àti oko iṣu, àpáta kan wà tí hóró inú rẹ̀ tóbi. Nínú rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti rí kùsà tánganran, kólúḿbáìtì, táńtáláìtì, òkúta iyebíye tí a ń pè ní túmálìnì, àti àwọn òkúta tí lítíọ́ọ̀mù wà nínú wọn. Gbogbo agbègbè náà kọ́ ni ó ní irú rẹ̀. Àwọn òkè tí ó yí Ẹ̀fọ̀n ká jẹ́ àpáta mìíràn, èyí tí yanrìn ayé àtijọ́ dì di líle, tí àwọn onímọ̀ sì fi orúkọ ìlú náà pè nínú ìwé wọn. Àpáta Ìjerò ti wà kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ìlú dó níbẹ̀. Òun kò yí padà. Ohun tí ń yí padà ni ohun tí àwọn ará òkèèrè ń fi í ṣe.

Ìtàn kólúḿbáìtì ni ó fi èyí hàn jù lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ti ń wa tánganran ní agbègbè Jọ́ọ̀sì, nítorí òun ni a fi ń bo irin agolo oúnjẹ kí ó má baà dógùn-ún. Kólúḿbáìtì a máa bá tánganran jáde, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó fẹ́ ẹ. Wọ́n ń dà á nù sórí òkìtì. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1930, àwọn tí ń pèsè irin ní òkèèrè bẹ̀rẹ̀ sí wá a, nítorí pé bí a bá fi èròjà inú rẹ̀ díẹ̀ kún irin, irin náà yóò lè fara da ooru líle. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ òfuurufú oníjẹ́ẹ̀tì dé, tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò lè ṣe láìsí irú irin bẹ́ẹ̀. Àwọn awakùsà sì padà sórí òkìtì tí wọ́n ti dà nù.

Ní ọdún 1952, nígbà ogun Kòríà, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé òun yóò san ìlọ́po méjì iye tí ọjà bá pè. Nàìjíríà ni ó ń pèsè èyí tí ó pọ̀ jù lọ ní àgbáyé nígbà náà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1955 àká Amẹ́ríkà kún, wọ́n dá owó àlékún náà dúró, ọjà sì wó. Láàárín àkókò kan náà ni a rí ọ̀pọ̀ yanturu irú èròjà bẹ́ẹ̀ ní Araxá ní orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì. Láti àwọn ọdún 1960 ni Bùràsíìlì ti gba ipò Nàìjíríà, kò sì tíì kúrò níbẹ̀. Kùsà kan náà ni ti Ìjerò. Ohun tí ó ṣe ọjà Jọ́ọ̀sì kò lè ṣàì kàn án.

Táńtáláìtì tẹ̀lé e. Irin inú rẹ̀ ni a fi ń ṣe ẹ̀yà kékeré tí ń tọ́jú agbára mànàmáná nínú kọ̀ǹpútà àti fóònù alágbèéká. Ní ọdún 2000, nígbà tí gbogbo ayé ń ra fóònù, iye rẹ̀ ju ìlọ́po márùn-ún lọ. Ní ọdún 2001, ó tún já wálẹ̀.

Ó wá kan lítíọ́ọ̀mù. Ilé iṣẹ́ Sony ni ó kọ́kọ́ gbé bátìrì lithium-ion, èyí tí a lè máa gba agbára sí, lọ sí ọjà ní ọdún 1991. Ní ọdún 2019, Goodenough, Whittingham àti Yoshino gba ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ wọn lórí rẹ̀. Bí ọkọ̀ oníbátìrì ti ń pọ̀ sí i, iye tọ́ọ̀nù kan èròjà lítíọ́ọ̀mù tí a ti sọ di mímọ́ gòkè tó nǹkan bí 80,000 dọ́là ní Ṣáínà ní ìparí ọdún 2022. Kí ọdún 2024 tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, kò tó 15,000 mọ́.

Àgbẹ̀ kòkó ní Arámọkọ tàbí ní Ẹ̀fọ̀n mọ irú ìgòkè-ìsọ̀kalẹ̀ yìí dáadáa. Àwọn ìgbìmọ̀ tí ìjọba ń dá sílẹ̀ láti ọdún 1947 láti máa ta kòkó a máa kéde iye owó kí ìkórè tó bẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń yọ nínú èrè àgbẹ̀, títí a fi tú wọn ká ní ọdún 1986. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá kan wà. Bí kòkó kò bá lówó lórí lọ́dún yìí, igi rẹ̀ yóò tún so lẹ́ẹ̀mìíràn. Òkúta kì í so. Bí alágbàtà bá ti kó o lọ, kòtò ni ó kù fún ọmọ onílẹ̀, oko kò sì ṣeé dá sínú kòtò.

Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá gé igi nínú igbó, àgbàlagbà ni ó mọ ibi tí yóò wó sí. Ní ọjà ayé, ẹni tí ó mọ ohun tí a ń fi ọjà ṣe ni àgbàlagbà. Òfin orílẹ̀-èdè yìí sọ pé Ìjọba Àpapọ̀ ni ó ni gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀. Síbẹ̀, òfin ìwakùsà ti ọdún 2007 pàṣẹ pé kí ẹni tí ó gba ìwé àṣẹ láti wa ilẹ̀ bá àwọn ará àdúgbò ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2024, Ìjọba Àpapọ̀ tún sọ pé ẹni tí ó bá fẹ́ ìwé àṣẹ tuntun gbọ́dọ̀ fi hàn bí yóò ṣe sọ kùsà rẹ̀ di ohun èlò nílé kí ó tó kó o jáde.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó síbi àdéhùn náà pẹ̀lú ìmọ̀? Bí akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́míkà bá mọ ohun tí ó wà nínú òkúta, tí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1955 àti ní 2001, tí akẹ́kọ̀ọ́ òfin sì mọ ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀, ìlú kò ní máa gbọ́ iye owó ọjà rẹ̀ lẹ́nu ẹni tí ó wá rà á. Iṣẹ́ olùkọ́ nìyẹn, kí ayé tó tún fún òkúta Ìjerò ní orúkọ mìíràn.