Mìlímítà Mélòó Ni Omíyalé?

Bí òjò ńlá bá rọ̀ ní Kútò, àwọn ìyá ọlọ́jà ò ní sọ iye òjò tó rọ̀ fún yín. Ibi tí omi dé ni wọn óò sọ: ó dé ọrùn ẹsẹ̀, ó dé orúnkún, ó bo táyà mọ́tò mọ́lẹ̀. Ògiri ni ìwé wa. Ẹrẹ̀ á fa ìlà pupa sí i lára, ọmọdé á fọwọ́ tọ́ka sí i pé ibí ni omi dé lọ́jọ́ sí. Tí onílé bá wá kun ilé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìwé parẹ́ nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀, òṣùwọ̀n òjò kì í ṣe nǹkan àràmàǹdà. Agolo ni, ó ní àrọ lẹ́nu, ó ní ìgò nínú, wọ́n á gbé e kalẹ̀ síbi tí igi tàbí òrùlé ò ti ní ṣíji bò ó. Ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, òṣìṣẹ́ á da omi inú ìgò sínú ife tí wọ́n fa ìlà sí lára, á kà á, á kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn òyìnbó amúnisìn ló gbé e wá, íńṣì ni wọ́n sì fi ń ka òjò nígbà náà kó tó di mìlímítà. Àjọ NiMet, tí òfin dá sílẹ̀ ní 2003, ló jogún iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀ka ìjọba tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀.

Ìbàdàn ló kọ́ wa ní ìlò òǹkà yìí, ẹ̀kọ́ ọ̀hún sì wọ́n. Lọ́jọ́ Àìkú, 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún jáde, ó gbé ilé, ó gbé mọ́tò, ó gbé èèyàn tó lé ní igba. Òjò tí wọ́n wọ̀n jẹ́ mìlímítà 274. Ẹ má fojú kéré mìlímítà o: ọ̀kan péré jẹ́ lítà omi kan lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú lóòró. Lórí púlọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, òjò Ògùnpa yẹn lé ní 5,000 kẹ́ẹ̀gì onílítà 25. Púlọ́ọ̀tì kan ṣoṣo la ń sọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òmíràn dé sí Ìbàdàn. Mìlímítà 187.5 ni tọ̀tẹ̀ yìí, èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún sì tún bá a lọ. Ẹ wò ó dáadáa, òjò kejì kò tó ìkíní. Tó bá jẹ́ ẹnu lásán la fi ń sọ ìtàn, a óò ní òjò méjèèjì ò lẹ́gbẹ́, a óò sì di gbogbo ẹ̀bi ru òjò. Òǹkà ló ní ká yíjú wo ilé tí wọ́n kọ́ sétí odò, ká wo pàǹtí tó dí gọ́tà. Òótọ́ ni pé òjò 2011 yára, wákàtí mẹ́rin àti díẹ̀ ló fi rọ̀. Agolo tí wọ́n ń kà lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ ò lè sọ ìyẹn fún èèyàn. Irú èyí tó ń fi bírò fa ìlà sórí ìwé fúnra rẹ̀ ló lè sọ ọ́.

L'Abẹ́òkúta, àpáta tún dá kún un. Àpáta tó gba àwọn Ẹ̀gbá sílẹ̀ ní 1830 kì í mu omi. Ohun tó bá rọ̀ sórí rẹ̀, ìsàlẹ̀ ló ń lọ, á gba àwọn odò kéékèèké àárín ìlú kọjá kó tó bá odò Ògùn. Ní ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù Keje ọdún 2018, omi gbé ọkọ̀ àti èèyàn nílùú wa, ẹ̀mí sì ṣòfò. “A ò rí irú rẹ̀ rí” lọ̀rọ̀ tó gba ẹnu gbogbo èèyàn. Gbólóhùn yẹn náà ni wọ́n máa ń sọ nígbàkúùgbà tí omi bá yalé, òun ló sì ń gba àwọn tó ṣe gọ́tà tóóró sílẹ̀.

Òjò ọjọ́ kan nìyẹn. Ti gbogbo ọdún tún wà lọ́tọ̀. Ní ìpínlẹ̀ New York l'Amẹ́ríkà, ìlú márùn-ún, tí Syracuse àti Buffalo wà lára wọn, máa ń figagbága lórí ta ni yìnyín bọ́ sí jù láàárín ọdún. Ife-ẹ̀yẹ wà níbẹ̀, Golden Snowball lorúkọ rẹ̀. Íńṣì 192.1 ni Syracuse rí ní 1992 sí 1993. Pátákó funfun ni yìnyín ń bọ́ sí, rúlà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, wọn ò sì gbọdọ̀ nu pátákó náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín wákàtí mẹ́fà. Yìnyín máa ń wálẹ̀ bó bá pẹ́, ẹni tó bá ń nù ún lemọ́lemọ́ á rí òǹkà tó ga ju ti ẹnìkejì lọ. Òjò tiwa ò ní wàhálà yẹn, omi ni omi.

Ẹnikẹ́ni ò fún Abẹ́òkúta ní ife-ẹ̀yẹ, àmọ́ àpapọ̀ òjò láti àkọ́rọ̀ títí dé àrọ̀kúrò, tó máa ń tó nǹkan bí 1,200 mìlímítà, ní ibi tó ń lọ. Dáàmù Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní 1983, ń gba 270 mílíọ̀nù mítà onígun omi. Bó bá fẹ́ kún, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, omi tí wọ́n tú sílẹ̀ ló bo Ìṣẹ́rì àti Ajégúnlẹ̀ lọ́nà Ìkòròdú. Òjò tó rọ̀ fún oṣù mẹ́fà ló lé wọn kúrò nílé, kì í ṣe èyí tó rọ̀ lórí wọn lálẹ́ àná.

Gbogbo ilé epo ló ń kọ iye owó bẹntiróòlù sí pátákó ẹ̀bá títì, wọ́n sì ń yí i padà bó bá ti gbówó lórí. A fẹ́ irú pátákó yẹn kan lẹ́nu ọjà Kútò: òjò àná, òjò láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, àti èyí tó pọ̀ jù látìgbà tí wọ́n ti ń kà á.